Ó Ku Ilé Kan

Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni máàpù gbọ́dọ̀ jáde, torí àwọn tó ń ri páìpù omi mọ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe èyí ní àlọ́. Èmi ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ojú mi ló ṣe.

Ọ́fíìsì wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Perl, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi kọ ètò tó ń so ilé pọ̀ lórí máàpù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo ń bà á jẹ́, mo ń tún un ṣe ni. Ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán onígun púpọ̀. Àwọn tó bá gorí ara wọn tàbí tó fara kan ara wọn, ètò yóò sọ wọ́n di ọ̀kan, páìpù kan á tó wọn. Èyí tí kò bá kan ìkankan, inú àkójọ tí mo pè ní "oku" ló ń lọ, páìpù kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ síta: oku: 1.

Ọ̀gá yọjú láti ẹ̀yìn mi. "Òkú wo nìyẹn?"

"Ó kù ni, sà. Mi ò fi àmì ohùn sí i."

"Ìwọ ọmọ yìí! O ò rí orúkọ mìíràn sọ ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Mo wo ilé tó kù. Ilé màmá mi ni. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ògiri kan náà ni òun àti aládùúgbò jọ ń lò. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ikọ́ wọn. Mo yẹ àwọn igun wò. Nọ́ńbà kan náà ni ti ilé méjèèjì. Mo pa orúkọ àkójọ náà rẹ́, mo fi "seku", ìyẹn ṣẹ́kù, dípò, mo tún un tẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ló tún kọ síta:

oku: 1.

Fáànù ń yí. N kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Mo pe màmá mi.

"Màámi, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni o. Atẹ́gùn tútù kan ló kàn ń ti ẹ̀gbẹ́ ògiri wá. Mo na ọwọ́ síbẹ̀, n ò bá nǹkan kan."

"Ògiri ńkọ́?"

"Mò ń wò ó. Ọwọ́ mi ni kò dé e."

"Ẹ jáde síta, Màámi."

"Kí n jáde lọ síbo? Ọbẹ̀ wà lórí iná. Jẹ́ kí n ráyè."

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́rin lù. Mo lè fi ọwọ́ ara mi so ilé náà mọ́ èkejì. N kò so ó. Mo fi máàpù ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Ó ti di oṣù mẹ́ta. Màmá mi wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó ń bú mi bí mo bá pẹ́ dé. Mo máa ń jókòó tì í. Bí mo bá na ọwọ́, ọwọ́ mi kì í dé ọwọ́ rẹ̀. A kì í sọ ọ́.

Omi ti dé gbogbo àdúgbò. Ó ku ilé kan.