Ẹ̀rọ Eyín Kò Lè Wo Ìbàdí

Onídìrí fi aṣọ gbígbóná tẹ ìbàdí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wa eyín pọ̀. Bíríkìlà ni, orí pákó tí wọ́n ń dúró lé mọlé ló ti já bọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ ya àwòrán egungun ní ọsibítù," ni ìyàwó wí.

"Kí n lọ tò sórí ìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ṣebí mò ń rìn. Egungun tó dá kì í rìn."

Ìyá ọkọ dá sí i lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyàwó mi, má da ara rẹ láàmú. Orí kunkun ló gbé wáyé. Mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Eyín. Òun náà ní ẹ̀rọ àwòrán."

Dókítà Eyín, aládùúgbò wọn tó ń tọ́jú eyín, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rọ tó fi ń ya àwòrán eyín kéré. Àwo tó ń gba àwòrán náà kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, nítorí inú ẹnu ni wọ́n ṣe é fún.

"Ṣé ó lè rí ìbàdí?" ni onídìrí bèèrè.

"Ẹ̀rọ tó ń rí eyín, ṣé egungun ni kò ní rí?"

Ó ní kí obìnrin náà fọwọ́ di àwo mú mọ́ ara ọkọ rẹ̀. Ó yà á, ó sún un, ó tún yà á. Ó wá to àwọn àwòrán kéékèèké náà lójú kọ̀ǹpútà bí aránṣọ tó ń to àjákù aṣọ. Àlàfo wà láàrin wọn. Onídìrí fi fóònù rẹ̀ ya wọ́n.

"Mi ò rí ibi tó dá. Kó sinmi díẹ̀."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún yín. Irin ni tèmi."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń tiro, ó ń ru búlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò lè dìde mọ́.

Ní ọsibítù, obìnrin dókítà tó ń ka àwòrán egungun wo èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ó sì wo ti Dókítà Eyín lórí fóònù onídìrí.

"Ọrùn egungun itan ló sán. Inú àlàfo yìí gan-an ni ibi tó sán bọ́ sí. Ká ní ẹ tètè wá ni, irin là bá fi dè é. Ó ti yẹ̀ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun náà mọ́. Egungun náà ti kú."

"Ṣé ó tún máa lè mọlé?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. A máa fi egungun àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀ kó lè rìn. Iṣẹ́ bíríkìlà ti tán."

"Ṣebí dókítà ló yà á. Ṣé kò lè lo ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe wù ú?"

"Kí àjọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìṣègùn tó fọwọ́ sí ẹ̀rọ, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì sọ ohun tó wà fún. Dókítà lè lò ó fún nǹkan mìíràn nígbà mìíràn, bí ìdí gidi bá wà nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kó sọ ewu rẹ̀, kó sọ ọ̀nà mìíràn tó wà, kí ẹ sì gbà. Ọwọ́ tí ẹ fi di àwo mú yẹn náà, ẹ kàn fi gba ìtànṣán ẹ̀rọ tó lè ba ara jẹ́ lásán ni."

Láti inú yàrá, bíríkìlà ń pè: "Kí ni wọ́n wí? Ìgbà wo ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́?"

Onídìrí dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ bí yóò ṣe wọlé.

Ẹ̀yin ará, inú rere aládùúgbò kò lè sọ ẹ̀rọ eyín di ẹ̀rọ ìbàdí. Ẹni tó já bọ́ tó ṣì ń rìn, egungun rẹ̀ lè ti sán. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ara yín, ẹ bi í pé: "Ṣé fún irú èyí ni wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀rọ yìí? Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ fẹ́ lò ó fún mi?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Bí ó bá fi ẹ̀rín dá yín lóhùn, ẹ dìde níbẹ̀, kí ẹ sì fi tó àjọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìṣègùn létí, kó tó kan ẹlòmíràn.