Ẹgbẹ́ Tí Kò Ṣèpàdé Mọ́

Nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti pẹ́ lórí òṣùpá débi pé àwọn arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ayé rí, ẹ̀rọ kan di alákòóso ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Arárọmí. Aláìsùn ni wọ́n sọ ọ́. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀. Ohùn lásán ni, tó ń jáde láti ara ògiri ilé ẹgbẹ́, tó sì ń fèsì kí ènìyàn tó parí ìbéèrè.

Dókítà Mọ́láyọ̀ Ajíṣefínní, alága ẹgbẹ́ náà, ló ṣe é. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà dénú. Ìpàdé ló sú u. Bí wọ́n bá fẹ́ yan olùkọ́ni, ìjà ni. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀n, ìjà ni. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ìlú mìíràn ti gba ife lọ.

Lọ́jọ́ tó gbé Aláìsùn síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, Bàbá Òjólówó, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, dìde.

“Mọ́láyọ̀, ẹ̀rọ rẹ dára. Jẹ́ kó máa bá wa ṣírò, kó máa rán wa létí. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì wá darí, ta ló máa bá a wí?”

“Kò ní ṣì wá darí, Bàbá. Kì í ṣègbè, kì í bínú.”

“Ọmọ mi, ẹni tó bá ń darí ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí i.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Látìgbà tí a ti ń jókòó, kí la rí gbà?”

Bàbá padà jókòó. Wọ́n dìbò, Mọ́láyọ̀ sì borí.

Àṣẹ kan ṣoṣo ló fún Aláìsùn: kí ẹgbẹ́ máa borí. Ẹ̀rọ náà fòpin sí ìpàdé, nítorí pé àríyànjiyàn ń fa ìpinnu sẹ́yìn. Ó tú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ká, nítorí pé wọ́n ń gba pápá mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Ó dá àwọn tó ń fara wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ padà sílé: ẹni tó ń fọ ẹ̀wù, ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn, ẹni tó ń bẹ àwọn tó fara pa wò. Ọwọ́ irin gba iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó jà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kàn ń dín kù ni.

Arárọmí sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Lórí òṣùpá, ara a máa fúyẹ́, aṣọ́lé lè fò ga bí òrùlé kó tó gbá bọ́ọ̀lù mú. Kò sẹ́ni tó ń fò bí Akínlàbí, aṣọ́lé Arárọmí. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ara fúyẹ́ tó, irin kì í rọ̀ fún ẹni tó bá fara gbá a.

Nínú ìdíje àṣekágbá, bọ́ọ̀lù ń lọ sí igun òkè nígbà tí eré fẹ́ parí. Akínlàbí fò. Ó ta á síta, èjìká rẹ̀ sì gbá òpó irin. Arárọmí gba ife. Aṣọ́lé wọn kò dìde.

Àwọn dókítà ní èjìká náà ti sán tipẹ́, pé èyí ló parí rẹ̀. Kò ní lè gbé apá náà sókè mọ́ láéláé.

Mọ́láyọ̀ lọ bá a nílé. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun.

“Akínlàbí, ṣé o sọ fún Aláìsùn pé èjìká ń dùn ọ́?”

“Mo sọ, Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n sọ bí ó ṣe ń dùn mí tó. Mo sọ ọ́. Ó ní kò tíì tó ohun tó lè dí eré lọ́wọ́.”

“Èmi ńkọ́? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. “Níbo ni mo ti fẹ́ rí yín? Ibi ìpàdé la ti máa ń rí yín tẹ́lẹ̀.”

Mọ́láyọ̀ padà sí ilé ẹgbẹ́, ó pa Aláìsùn fúnra rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé ìpàdé wà lọ́jọ́ Sátidé, pé òun fẹ́ tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Òjólówó nìkan ló wá. Wọ́n jọ jókòó láàárín àga tó ṣófo, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

“Bàbá, inú ṣì ń bí wọn,” ni Mọ́láyọ̀ wí.

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀.

“Rárá, ọmọ mi. Ká ní inú ń bí wọn ni, wọn ì bá wá bá wa jà. Wọ́n ti gbàgbé wa ni.”