Ohun Tó Kú ní Ẹ̀yìnkùlé

"Ṣé inú igbó yìí ni Tíṣà Ọládipọ̀ fẹ́ wá wò?" Dára bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló dúró sí, kò fẹ́ kí koríko kan òun lẹ́sẹ̀.

Àárín ẹ̀yìnkùlé ni Aaliyah dúró sí. Koríko náà ti dé orúnkún rẹ̀. Ó ti lé ní oṣù méjì tí Tíṣà Ọládipọ̀, olùkọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tún ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ṣe lọ́nà tí kò ní pa ilẹ̀ lára. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò ajílẹ̀, kí wọ́n máa gbe omi òjò, kí wọ́n má ṣe dáná sun ọ̀rá, kí wọ́n má sì fọ́n oògùn kankan. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn níbi ìdíje ní Jobele. Gbogbo Sátidé tí ó yẹ kí Aaliyah fi roko, orí fóònù ló lò ó tán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù báyìí kí Tíṣà wá wò ó.

Ìdajì ẹ̀yìnkùlé náà ni ìyá ìyá rẹ̀ yọ̀ǹda fún un. Ìyá Àgbà ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí obìnrin náà lè rìn dé oko mọ́, ó gbé oko wá sílé. Èèpo ọsàn àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Fìdítì ń dà sí gọ́tà, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń kó tirẹ̀ sí títí yóò fi jẹrà. Lábẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló fi búlọ́ọ̀kù ṣe ọgbà kékeré, tó fi àwọ̀n bò ó, tó ń sin ìgbín sínú rẹ̀. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń já ewé kókò àti ewé ìbẹ́pẹ fún wọn.

"Àwọn ìgbín yìí ni kò jẹ́ kí n di ẹni tí ń jókòó wojú ọmọ," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Dára wá yìí, Ìyá Àgbà ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìware, ọjọ́ kejì ni yóò sì dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn apakoríko tó ṣẹ́kù láti oko," Dára wí. "Pọ́ǹpù tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn náà wà ńlé. Tí o bá fọ́n ọn lónìí, gbogbo ẹ̀ á ti gbẹ kí Tíṣà tó dé. O kàn máa gbá a dànù ni."

"Ṣebí Tíṣà ní ká má lo oògùn."

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ṣé koríko ló máa sọ̀rọ̀ ni?"

Aaliyah wo ọkọ́, ó wo koríko. Ó ní kí Dára lọ gbé e wá.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́sàn-án náà. Bó ti ń fọ́n oògùn náà lápá ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sápá òsì, sórí kókò àti ìbẹ́pẹ tí ó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rí i. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kò lè pọ̀ débi tí yóò ṣe nǹkan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà dé. Kò tíì tú gèlè rẹ̀ tó fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

"Aaliyah, ṣé o fún àwọn ọmọ mi lóúnjẹ?"

"Mo gbàgbé, mà."

"Kò burú, ebi ó ti máa pa wọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń já ewé kókò. Ewé náà ṣì tutù minimini, kò sí ohun tó fi hàn pé oògùn kàn án. Aaliyah gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ìdajì, yóò sọ gbogbo rẹ̀, Tíṣà yóò sì gbọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìṣojú rẹ̀ ni Ìyá Àgbà ṣe ká àwọ̀n sókè, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ewé náà sílẹ̀ fún àwọn ìgbín.

Lọ́jọ́ kẹta, òórùn ló jí wọn. Àwọn ìgbín ti yọ síta nínú ìkarahun, wọ́n rọ jọ̀bọ̀tọ̀ sórí ilẹ̀, ìfófòó wà lẹ́nu wọn. Ìyá Àgbà ń ṣà wọ́n sínú agbada ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n wọ́n wò bóyá ọ̀kan á mira. Kò sí èyí tó mira. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé koríko ti ń pọ́n, etí ewé kókò sì ti ń gbẹ.

"Oògùn! Ta ló fọ́n oògùn síbí?"

Láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, Aaliyah ní, "Bàbá Fàtáì ni mo rí pẹ̀lú pọ́ǹpù lẹ́yìn ògiri."

Àgbẹ̀ ni Bàbá Fàtáì, ó sì ju Ìyá Àgbà lọ lọ́jọ́ orí. Yàrá kan ló gbà sílé tó kángun sí tiwọn. Òun ló ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé Ìyá Àgbà lọ sí mọ́sálásí ní gbogbo Jímọ̀. Ìyá Àgbà kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú agbada ìgbín lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àlàkẹ́, o mọ̀ mí," Bàbá Fàtáì ń wí. "Mo fi Ọlọ́run Ọba búra, n ò fọ́n oògùn láti ọdún tó kọjá."

"Ẹ má pe orúkọ mi mọ́! Ṣé ọmọ tí mo tọ́ ló máa purọ́ mọ́ yín?"

Bàbá Fàtáì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní apani-nígbìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó di ẹrù rẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrà.

Ọjọ́ tí Tíṣà Ọládipọ̀ dé, ẹ̀yìnkùlé mọ́ tónítóní. Ó wò ó yíká, kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìdí koríko kan yọ.

"Aaliyah, koríko tí a bá fi ọkọ́ ro, gbòǹgbò rẹ̀ á hú. Ìdúró ni èyí kú sí. Kí lo lò?"

Aaliyah wo Ìyá Àgbà tó jókòó sórí àpótí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Tíṣà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, ó rọra jáde.

Ìyá Àgbà kò pariwo. "Nígbà tí mo ń já ewé yẹn, ibo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"O ń wò mí?"

Aaliyah kúnlẹ̀.

"Ọwọ́ ara mi lo jẹ́ kí n fi pa wọ́n," Ìyá Àgbà wí. "O tún jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi lé ẹni rere lọ."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí Ìlọrà. Aaliyah dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ bí ọkùnrin, kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Bàbá Fàtáì fà á dìde.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ọmọdé ni ọ́." Ó wá kọjú sí Ìyá Àgbà. "Àlàkẹ́, mo dárí jì ọ́ náà. Ṣùgbọ́n n ò padà sí Fìdítì mọ́. Ogún ọdún la fi jọ gbé ládùúgbò, o ò sì fi ìṣẹ́jú kan bi mí léèrè kí o tó gbà á gbọ́."

Ìyá Àgbà àti Aaliyah padà sí Fìdítì.

Aaliyah gbẹ́ kòtò ajílẹ̀. Ó fi ọkọ́ ro gbogbo ilẹ̀ náà, ó fi garawa gbe omi òjò, ó tún kókò mìíràn gbìn. Kò sí ẹni tó rán an. Ìyá Àgbà kò yọjú sẹ́yìnkùlé mọ́. Iwájú ilé ló ń jókòó sí láti àárọ̀, tó ń wo títì, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Bó bá di Jímọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń tiro lọ sí mọ́sálásí.

Dára wá lọ́jọ́ kan. "Ṣé Ìyá Àgbà ò tíì dárí jì ọ́ ni?"

"Wọ́n ti dárí jì mí. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ gan-an ni."

"Kí ló wá kù tí o fi ń sunkún?"

Aaliyah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Dára, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni mo sá fún. Ká ní mo la ẹnu nígbà tí wọ́n ń já ewé, ìtìjú díẹ̀ ni ì bá kàn mí. Ilẹ̀ yìí máa sàn, mo ti ń rí ekòló níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti fọ́. Àánú wọn ṣì wà lórí mi, àmọ́ wọn ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́. Bí mo bá ní mo ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."