Koríko Tútù Lábẹ́ Abẹ

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni kó fi í sílẹ̀ báyìí, kó wá nǹkan mìíràn kà. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, àmọ́ bí ẹ bá bi í léèrè, kò ní dá yín lóhùn. Ojú ń tì í.

Ó-Dọ̀la làwọn oníbàárà ń pè é. Kò sí ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò lè tún ṣe, ìbáà ṣe jẹnẹrétọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń parí lọ́jọ́ tó bá dá. Bí ẹ bá dé, á ní, "Ó dọ̀la." Bí ẹ bá bínú, á rẹ́rìn-ín, á ní bí iṣẹ́ kò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni bàbá ìyàwó rẹ̀, arúgbó tó rù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ti ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ náà ti gbó, kò ní kéré sí ìyàwó Ó-Dọ̀la lọ́jọ́ orí.

"Ó ń wúkọ́," ni bàbá wí. "Á ké sókè, á tún rẹlẹ̀."

Ó-Dọ̀la ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Bàbá padà wá. Ó dọ̀la. Bàbá tún padà wá. Ó dọ̀la, bàbá. Nígbà tí koríko ọgbà kan orúnkún, bàbá fúnra rẹ̀ gbé àdá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán an nínú oòrùn. Ibẹ̀ ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́.

Kò sẹ́ni tó bá Ó-Dọ̀la wí. Ìyàwó rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ìyá ìyàwó rẹ̀ náà ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń pa á. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Látìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, kò lè dé ọ̀dọ̀ màmá mọ́, torí kò mọ ojú tí yóò fi wò wọ́n. Ó wá pinnu pé òun yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe, òun yóò sì fọwọ́ ara òun gé koríko ọgbà yẹn, bóyá òun á tún lè wojú màmá.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló mú fún un. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù ti tì. Òpópónà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó da epo tó ti bàjẹ́ nù. Ó tú kabúrétọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò rẹ̀ títí ó fi mọ́. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó gbọn eruku inú asẹ́ afẹ́fẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀, ó ha koríko gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ títí irin fi hàn. Ó gbé e dìde, ó bu epo tuntun sí i, ó fa okùn.

Ẹ́ńjìnnì náà dún geere fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó wúkọ́. Ó ké sókè, ó tún rẹlẹ̀.

Ó-Dọ̀la tẹ́tí. Etí rẹ̀ mọ ẹ́ńjìnnì tí epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mọ èyí tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ò taná dáadáa. Eléyìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń dún nígbà tó bá kan koríko tó ki nìyí. Bẹ́ẹ̀, orí sìmẹ́ǹtì ló dúró sí.

Ó pa á. Ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kí abẹ má baà ṣèèṣì gé e lọ́wọ́. Ó tún gbé e dùbúlẹ̀.

Koríko wà lábẹ́ rẹ̀. Koríko tútù. Ó wé mọ́ abẹ, omi ṣì wà lára rẹ̀.

Ó wo ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì àti ọ́ìlì nìkan ló rí.

"Àbí mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa ni?" ló bi ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun fọ̀ ọ́.

Ó ha á kúrò, ó dá wáyà padà, ó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì dún geere. Ó rẹlẹ̀. Ó wúkọ́. Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù. Orí Ó-Dọ̀la wú. Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ẹ̀rọ náà dúró sójú kan, táyà rẹ̀ ò yí, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà mìíràn ohùn rẹ̀ á fúyẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan bá dé ìdí ògiri tó ń yí i padà. Á tún wúwo. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí epo fi tán.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Fóònù rẹ̀ dún. Màmá ni. Wọn ò pè é rí láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ọkọ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o."

"Iṣẹ́ wo, Màmá?"

"Gbọ́ tiẹ̀! Koríko tí o gé ńkọ́? Mo gbọ́ ẹ̀rọ yẹn láti inú ilé. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo pè ẹ́. Ẹ̀yìn lo kọ sí mi, ọwọ́ nìkan lo jù sókè."

Ó-Dọ̀la yíjú wo ẹ̀rọ náà.

"Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì ẹ́ tí o ò fi wọlé," ni màmá wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, inú ti ń bí mi sí ẹ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí mo rí lónìí, ó ti tán. Mo ti dárí jì ẹ́."

Kì í ṣe èmi. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ẹ̀rù á ba màmá, bẹ́ẹ̀ màmá nìkan ló wà nílé. Bó bá sọ ọ́, ìdáríjì náà á lọ.

"Ẹ má dúpẹ́, Màmá," ló wí. "Ojúṣe mi ni."

"Ṣùgbọ́n o ti rù jù. Ẹ̀yìn ẹ sì ti tẹ̀. Máa jẹun o, ọmọ mi."

Ojú gbà á tì. Kò sí ẹnì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ ó fi ọwọ́ tí ọ́ìlì kún bo ojú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ wò ó. Wọ́n ti gé gbogbo ọgbà náà dọ́gba, títí dé ìdí ògiri. Màmá pe àwọn ará ilé kejì. "Ẹ wá wo ọkọ ọmọ mi o!" Ó-Dọ̀la dọ̀bálẹ̀. Koríko tí wọ́n gé náà ń gún un láyà. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà fún un, ó sì ń ṣe àmín.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Kò bu epo sí i mọ́. Bí koríko bá ti hù díẹ̀, màmá á tún pè, wọ́n á dúpẹ́ pé ó tún ti gé e, wọ́n á ní kó máa jẹun dáadáa. Á ní ojúṣe òun ni. Títí di òní, kò tí ì gé koríko kan nínú ọgbà yẹn.