Ọmọ Tí Opó Virgil Sẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá pe Nadine Fugate ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ìjà ni yóò dà. Kì í mutí. Kò jalè rí. Ilé ìdáná ilé ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì máa ń mọ́ ju ti ọmọ olówó lọ. Ní ìlú kékeré tí ó ń gbé láàárín àwọn òkè Kentucky, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wa èédú nínú ilẹ̀, àwọn ọkọ a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ìyàwó wọn. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Imogene, tí wọ́n jọ ń se oúnjẹ, ti bá a sọ̀rọ̀ Jésù títí. Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún un: pé kí ó lọ wàásù fún àwọn ọ̀mùtí.

Èédú ló pa ọkọ rẹ̀, Virgil. Eruku rẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin náà jẹ́ kí ó tó pé àádọ́ta ọdún. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó kú, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì fi èémí tó kù sọ ohun tí ó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ra, òun ti bí ọmọbìnrin kan, Tessa. Ìyá ọmọ náà ti kú. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Ova Bentley, ló wà ní òdìkejì odò. Virgil ti ń fún ìyá àgbà náà lówó oúnjẹ láti ọwọ́ dé ọwọ́, láìsí ẹlẹ́rìí.

“Ọmọ mi ni, Nadine,” ó ní. “Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n dù ú ní ohun tó tọ́ sí i.”

Nadine ṣèlérí. Virgil kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní orílẹ̀-èdè wọn, bí òṣìṣẹ́ bá kú, ìjọba a máa san owó fún opó rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà, nítorí ohun tí wọ́n ti ń yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà ní ibi tó mọ. Bí ọmọ bá ti ń pọ̀ sí i ni ìpín kálukú ń kéré sí i. Nígbà tí Nadine dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba owó náà, akọ̀wé bi í bóyá olóògbé ní ọmọ mìíràn. Ó rántí owó iná tí yóò mú ilé gbóná nígbà òtútù.

“Rárá,” ó ní. “Àwọn méjì yìí nìkan ni.”

Kò pẹ́ tí Ìyá Ova fi ọ̀pá rìn wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ́fíìsì ti dá a padà pé kò ní ẹ̀rí, pé kí ó lọ wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí baba ọmọ náà.

“Ìyàwó Virgil, mi ò wá jà,” ni ìyá àgbà náà wí. “Ẹ kàn bá wa sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀.”

“Ìyá, mi ò mọ nǹkan kan. Àbí gbogbo ọmọ tí ò ní baba nílùú yìí ló fẹ́ di ọmọ ọkọ mi báyìí?”

Ìyá Ova dúpẹ́, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Nadine mọ́. Bí ó bá gbé àwo síwájú àwọn ọmọ rẹ̀, a dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣì kù nídìí tábìlì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ òun ni òun ń jà fún. Ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ó yà sí ilé epo kan lẹ́bàá òkè. Ọmọbìnrin kan ló dúró nídìí owó, ní àkókò tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì. Ojú Virgil gẹ́lẹ́ ló wà lórí rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bàbá mi, àbí?” ni Tessa béèrè. “Mi ò béèrè owó, mà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó dárúkọ mi kó tó kú.”

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn ní gbangba. Nadine kò gbà á.

“Rárá,” ó ní. “Kò dárúkọ rẹ.”

Ọmọ náà tẹ orí ba. Ó fi ṣéńjì lé e lọ́wọ́. “Ó dáa, mà. Ẹ rọra wakọ̀ o, ọ̀nà ń yọ̀.”

Nadine kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ̀ fi yọ̀ kúrò lábẹ́ ìdarí rẹ̀, tí ó sì dúró ní etí ọ̀gbun, tí táyà iwájú kan wà lójú òfuurufú. Kò farapa. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì bò ó nítorí èrò kan: bí òun bá ti ṣubú, irọ́ tí òun pa fún ọmọ aláìníbaba yìí ni ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn òun láyé.

Imogene àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, ló fà á kúrò níbẹ̀. Nadine jókòó sínú ọkọ̀ wọn, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun yóò rẹ òun lẹ́kún. Imogene kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ohun tó o ṣe burú, Nadine. Mi ò ní bá ẹ bò ó.”

“Mi ò mọ̀ pé mo lè burú tó báyìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa rí. Ohun tí Jésù ṣe kú nìyẹn. Ó gbọ́ irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ó ru ẹ̀bi wọn lórí igi. Jẹ́wọ́ fún un. Tó o bá ti ṣe tán, dìde kó o lọ bá ọmọ yẹn.”

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ni Nadine ti gbàdúrà. “Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òrukàn. Ṣàánú mi nítorí Jésù.” Kò mọ ohun mìíràn tí òun lè fi kún un. Bí ó ti ń sunkún, ẹrù tí ó ti ń dá gbé láti ọjọ́ ìsìnkú kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó padà sí ilé epo náà.

“Mo purọ́ fún ẹ,” ó wí fún Tessa. “Orúkọ rẹ ló wà lẹ́nu bàbá rẹ kó tó kú. Ó ní ọmọ òun ni ẹ́, ó ní òun fẹ́ràn rẹ.”

Ọmọ náà bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré.

Nígbà tí ọ́fíìsì ṣí, Nadine lọ jẹ́rìí. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé ìpín àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dínkù, àti pé wọ́n lè pè é wá dáhùn fún irọ́ tí ó pa. Síbẹ̀, kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ń nu ilẹ̀ ilé ìtajà kan báyìí lẹ́yìn iṣẹ́. Tessa ti padà sí ilé ìwé. Ó pẹ́ kí Ìyá Ova tó dá Nadine lóhùn bí ó bá kí i, Nadine kò sì bá a wí.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ náà kì í mutí. Ṣùgbọ́n ogún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí o gbà ńkọ́? Opó àbúrò rẹ tí o lé jáde ńkọ́? Ẹni tí ìwọ yóò dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́ kò ní bi ọ́ léèrè kí ó tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ọ́ mọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ rẹ̀ gan-an níwájú rẹ̀, kò ní lé ọ padà. Ẹni tí o sì ṣẹ̀ ṣì wà láàyè lónìí. Lọ bá a.