Fọ́tò Tó Ti Ọgbà Páńdà Wá

Ẹranko inú fọ́tò náà jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń jẹ ọparun bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ara rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ dúdú, àyíká ojú rẹ̀ sì dúdú bí ti ẹni tó lé tìróò àléjù. Màrdíyà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá wo àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹranko náà dáadáa, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Bàsítì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan tó gbé irú báàgì kan náà kọ́ ẹ̀yìn rọ̀ mọ́ ọn lápá, òrùka kan náà sì wà ní ìka àwọn méjèèjì.

Ó yára da fóònù dé sórí ẹní. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ rí fọ́tò náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dirun fún ìyá wọn.

Ṣàmsíátù lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Karaworo ni ilé bàbá rẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá Màrdíyà, wà. Láti ìgbà tí Bàsítì ti lọ kàwé ní Ṣáínà ló ti ń retí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn wá, ó dá gbogbo wọn padà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá sí ilé Alhaji Rùfáì, bàbá Màrdíyà, lẹ́yìn Paparanda ní Lọ́kọ́jà láti kọ́ Màrdíyà ní ìṣirò kó lè yege ìdánwò àṣejáde, kò sì sí ìgbà tó wá tí kò bá ìyá ilé ṣe iṣẹ́ kan tàbí òmíràn.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì òun àti Bàsítì. Bàsítì ò ní sí níbẹ̀, ìyẹn ò sì dá ìjà sílẹ̀. Bí ọkọ bá wà lẹ́yìn odi, àwọn ẹbí á yan wàkílì tó máa jókòó níwájú àwọn àáfà, tó máa gba ìyàwó lórúkọ rẹ̀. Bàbá Kàsímù, àbúrò Alhaji, ni wọ́n yàn. Ó ti rán agbádá tuntun sílẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an lọkọ ìyàwó.

Màrdíyà gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ohùn tí Bàsítì fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé fọ́tò.

"Màrdíyà, ìyàwó mi nìyẹn o. Rebecca ni, ọmọ Kàbbà. A jọ ń kàwé níbí, a sì ti ṣègbéyàwó. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Kàbbà mọ̀. Ìsinmi la wà yìí, à ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ọkọ̀ ojúirin là ń wọ̀, ohun tó wà lẹ́yìn wa yẹn ni gbogbo ẹrù wa. Láti àárọ̀ la ti wà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń mú páńdà bí sí i. Ká ní o rí àwọn ọmọ wọn ni. Wọ́n tẹ́ wọn sórí aṣọ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ. Ohun kan tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Tí páńdà bá bí ìbejì, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń tọ́. Àwọn tó ń tọ́jú wọn á wá máa gbé ọ̀kan kúrò, wọ́n á gbé èkejì sí i lọ́wọ́. Wọ́n á máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, ìyá ò sì ní fura."

Bàsítì rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Màrdíyà ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó kọ̀wé sí i: "Bọ̀dá mi, Àǹtí Ṣàmsíátù ńkọ́?"

Èsì dé kíákíá, ó sì jọ pé ó ti múra rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán nílé yẹn. Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Bàbá ṣubú ni? Jẹ́ kí wọ́n so yìgì náà. Tí mo bá dé, mo mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ìwọ náà ṣáà fẹ́ wá síbí. Tó o bá ti ṣe ìdánwò tán, màá wá àyè fún ẹ ní yunifásítì wa. Ìwọ náà á wá wo páńdà."

Ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa jẹ, Ṣáínà wu Màrdíyà. Ọmọ tí kò rìnrìn àjò kọjá Ìlọrin rí, tó jẹ́ pé Obajana tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ni ilé-ìwé rẹ̀ kó wọn lọ wò, tí wọ́n sì pè é ní ìrìn àjò ìgbafẹ́! Ó ti ń fojú inú rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojúirin. Ó tún sọ fún ara rẹ̀ pé ìlera bàbá òun lòun ń rò. Nígbà tí Rebecca fúnra rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́, tó kí i bí àwọn ará Kàbbà ṣe ń kíni pé, "Okun o, àbúrò ọkọ mi," Màrdíyà dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa." Bó ṣe ti ọwọ́ bọ ọ̀ràn náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ yìgì, àgbàlá bàbá Ṣàmsíátù kún fún ẹní àti àwọn àáfà. Ní yàrá, Ṣàmsíátù ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun jáde díẹ̀, kí Màrdíyà nìkan dúró. Ó ti lé làálì, ìbòrí rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò balẹ̀.

"Bọ̀dá ẹ ò gbé ìpè mi láti ọjọ́ mélòó kan," ló wí. "Ó ní ìdánwò làwọn ń ṣe. Ọkàn mi kàn ń sọ oríṣiríṣi fún mi ni. Màrdíyà, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Wọ́n ń bọ̀ wá bi mí bóyá mo gbà. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó yẹ kí n mọ̀ kí n tó dá wọn lóhùn?"

Ìdánwò kẹ̀, tó jẹ́ pé páńdà ló ń wò kiri. Màrdíyà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ẹ̀rín Alhaji Rùfáì sì wọlé láti àgbàlá, ẹ̀rín bàbá tí nǹkan dùn mọ́. Ó rántí ìyá páńdà tí wọ́n ń gbé ọmọ fún tí kò fura, ó sì yé e wàyí pé ohun tí Bàsítì fẹ́ ṣe fún obìnrin méjì gan-an nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Síbẹ̀ ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi."

Ṣàmsíátù mí kanlẹ̀, ó dì mọ́ ọn.

Nígbà tí àwọn àgbà wá bi í léèrè, ó sorí kọ́, kò fọhùn. Bí wúńdíá bá dákẹ́ níbi yìgì, ó ti gbà nìyẹn. Wọ́n padà lọ jíṣẹ́ fún àáfà, Bàbá Kàsímù gba ìyàwó lórúkọ Bàsítì, wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti mú Ṣàmsíátù wá sí ilé Alhaji Rùfáì, sí yàrá tí Bàsítì fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pe Màrdíyà lórúkọ mọ́, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ ọ́. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ wá jẹun." Màrdíyà á jẹ òkèlè méjì, á ní òun ti yó.

Irọ́ náà ò tilẹ̀ pẹ́ láyé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màrdíyà ti ilé-ìwé dé, ó bá àpótí Ṣàmsíátù lẹ́nu ọ̀nà. Ṣàmsíátù jókòó sórí ẹní níwájú Alhaji, ìyá wọn àti Bàbá Kàsímù. Ẹkún ti gbẹ lójú rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé olùkọ́ tuntun kan tó ń jẹ́ Deborah, ọmọ Kàbbà, fi fóònù han àwọn olùkọ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ó ní kí wọ́n wá wo ẹranko tí wọ́n ń pè ní páńdà, pé ẹ̀gbọ́n òun Rebecca àti ọkọ rẹ̀ ló lọ wò ó.

"Èmi ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín," ni Ṣàmsíátù wí. "Mo ní ẹ wo ẹranko bí ọmọ àjẹkì. Àfìgbà tí mo rí ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Deborah ò mọ nǹkan kan. Ó ní ọmọ Lọ́kọ́jà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n òun, pé àbúrò rẹ̀ kan tiẹ̀ ń kí wọn dáadáa, 'ìyàwó wa' ló ń pè é. Màrdíyà ló pe orúkọ rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà. Màrdíyà kúnlẹ̀ tòun ti báàgì ilé-ìwé lọ́rùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ purọ́ ò gbé Alhaji ṣubú. Ó kàn ṣí fìlà lórí, ó gbé e lé orúnkún, ó ń wò ó. "Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀," ló wí. "Ọ̀rẹ́ mi fún mi lọ́mọ, èmi àti ẹ̀yin ọmọ mi wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá Kàsímù ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ẹ̀sìn ò sáà kọ̀ fún ọkùnrin láti fẹ́ méjì.

"Bàbá mi, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ méjì á sọ ọ́," ni Ṣàmsíátù fèsì. "Rebecca náà ò mọ̀ pé mo wà. Àwa méjèèjì ni wọ́n tàn."

Ó dìde, ó kí ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Màrdíyà, ó ní, "Màrdíyà, jẹ́ kí n kọjá." Orúkọ náà dun Màrdíyà ju ìgbátí lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàsítì tú yìgì náà lórí fóònù. Ní ti Màrdíyà, ohùn kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí i: "Ìwọ ọlọ́fófó yìí, ìwọ lo bá tèmi jẹ́." Ó sì dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yunifásítì wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó torí rẹ̀ purọ́ ò dúró gbọ́ àlàyé. Ní Karaworo, àwọn ẹlẹ́nu ti ń pe Ṣàmsíátù ní ilémoṣú, obìnrin tó jẹ́ pé ọkọ tó kọ̀ ọ́ kò bá a sùn nílé kan náà rí.

Màrdíyà mú ara le, ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣàmsíátù ń ṣe àmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó fún un ní omi, ó jẹ́ kó mu ún tán, kó sunkún tán.

"Ibi tó jìnnà ni Bàsítì wà," ló wí. "Mo lè sọ pé ayé ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwọ wà níwájú mi, mo di ọwọ́ ẹ mú, mo bi ọ́. Ká ní o sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, màá sunkún ọjọ́ kan, wọ́n á ká ẹní wọn nílẹ̀, ó parí. Nígbà yẹn, mo ṣì lè sọ pé mi ò gbà. Ìwọ lo gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

"Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́, Ọlọ́run gbọ́. Máa lọ kàwé ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́ láyé mi kí n gba ìdáhùn ẹ gbọ́."

Màrdíyà fẹsẹ̀ rìn jìnnà kó tó rántí pé ọ̀kadà ló yẹ kóun wọ̀. Wọ́n ti dárí jì í, ó sì ń sunkún ju ìgbà tí wọn ò tíì dárí jì í lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun bo irọ́ mọ́lẹ̀, tara rẹ̀ ló ń rò, ohun yòówù kó ṣèlérí. Bí ẹnì kan bá wá bi yín ní ọ̀rọ̀ tó kan ayé rẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un nígbà tí òótọ́ náà ṣì lè ṣe é láǹfààní, nítorí ẹ lè rí ìdáríjì gbà lẹ́yìn náà, kí ẹ má sì rí ọ̀rẹ́ yín mọ́.