Màlúù Kúkúrú Kì í Ṣe Ewúrẹ́

Ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí gbogbo wọn máa gba apá ọ̀tún, ọdún náà ni Àkàngbé télọ̀ fa màlúù wọ àdúgbò wa ní Ìwáyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwáyà ìgbà náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Koríko pọ̀ létí ọ̀sà, lékeléke nìkan ló ń rìn nínú rẹ̀.

Màlúù náà kò ga ju àyà èèyàn lọ. Mùtúrù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Kò ní iké lẹ́yìn, ìwo rẹ̀ kò gùn, ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Irú rẹ̀ ti mọ igbó ilẹ̀ wa látọjọ́ pípẹ́. Àìsàn tí eṣinṣin fi ń pa màlúù tó ga kì í tètè rí i gbé ṣe.

Abo ni, oyún sì wà nínú rẹ̀. Adìyẹ ni wọ́n ń sìn nílé baba Àkàngbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló kọ́kọ́ ní màlúù nínú ìdílé wọn. Kò ránṣọ kankan lọ́jọ́ náà.

Ọmọ́níkẹ́, aya rẹ̀, bu omi tútù, ó dà á sí màlúù lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń ṣe fún ìyàwó tuntun.

"Ìyàwó wa dé o!" ló ń pariwo.

Bí gbogbo àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyàwó nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ wá, a kì í kí ìyàwó lọ́wọ́ òfìfo. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ládùúgbò, kálukú gbé abọ́ èèpo gbágùúdá wá, tútù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára gbágùúdá.

Mo ní, "Ṣé yóò jẹ gbogbo èyí tán?"

"Màmá Mobọ́lá, ewúrẹ́ mi ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́." Àmúdàtù ló dá mi lóhùn, ìyá Kùdírátù, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa. "Ṣé èyí ju ewúrẹ́ ńlá lọ ni?"

Àkàngbé fọwọ́ pa màlúù rẹ̀ lórí. "Jẹun, Ìyàwó. A kì í tijú oúnjẹ nílé ọkọ."

Ìyàwó ò tijú. Ó jẹ ti Àmúdàtù, ó jẹ ti gbogbo wọn mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú lápá òsì. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta ikùn, ó na ọrùn, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, mímí di iṣẹ́. Ó wó lulẹ̀. Àkàngbé ké bí ọmọdé.

Sàlíhù alápatà ti dé, ọ̀bẹ lọ́wọ́. "Bọ̀ọ̀dá Àkàngbé, ẹ jẹ́ kí n pa á nísinsìnyí. Tó bá kú fúnra rẹ̀, òkú ǹbete ni. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́."

"Oyún wà nínú rẹ̀, Sàlíhù!"

"Oyún náà á bá a lọ."

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sún!" Àmúdàtù ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ìgò epo pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló rọ gbogbo ọmọ àdúgbò yìí lágbo? Ṣebí èmi ni. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, kí ẹnìkan dí imú rẹ̀."

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á dí imú rẹ̀, wọ́n á da àgbo sí àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. Ohun tó fẹ́ ṣe fún màlúù nìyẹn.

Èmi sá wọlé. Mobọ́lá ọmọ mi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó ní ìtọ́jú ẹran lòun fẹ́ kọ́, ẹbí bàbá rẹ̀ bi mí pé ta ni yóò fẹ́ dókítà màlúù. Ó kọ́ ọ, ó yege, ìjọba sì gbà á síṣẹ́. Mo pè é, ó sáré jáde tòun tọṣẹ lọ́wọ́.

"Ìyá Kùdírátù, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ìgò yẹn kalẹ̀!"

"Mobọ́lá, kí lo fẹ́ kọ́ mi? Èmi ni mo rọ ìwọ náà."

"Ẹ rọ mi lóòótọ́, mà. Màmi sì ní díẹ̀ ló kù kí n kú." Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Tí ẹ bá gbé orí ẹran sókè tí ẹ dí imú rẹ̀, epo ò ní lọ síkùn. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa wọ̀. Epo yẹn ló máa pa á."

"Ewúrẹ́ mi ńkọ́, tó ń jẹ èèpo?"

"Ewúrẹ́ yín ń ṣa á jẹ díẹ̀díẹ̀ ni, mà, orí ló sì ń kó o yọ. Oró wà nínú èèpo tútù. Èyí tí màlúù yìí jẹ lẹ́ẹ̀kan náà ti ń hó nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kún un, kò rí i gùfẹ̀."

Ó ní kí a gbé e dìde, kí a fà á sórí òkìtì iyanrìn, kí ẹsẹ̀ iwájú ga ju tẹ̀yìn lọ. Ó gba òróró ẹ̀pà lọ́wọ́ Ọmọ́níkẹ́, kí èyí tó ń hó nínú rẹ̀ lè rọlẹ̀, ó ń dà á sí i láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, díẹ̀díẹ̀, kò gbé orí rẹ̀ sókè. Tó bá gbé e mì tán, á tún fi sí i. Lẹ́yìn náà ó fi igi há a lẹ́nu bí ìjánu, kó lè máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde.

"Ìyá Kùdírátù, ọwọ́ yín le. Ẹ máa bá mi tẹ ikùn rẹ̀ lápá òsì."

Àmúdàtù sún mọ́ ọn, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Sàlíhù ò tíì lọ. "Tí kò bá wá yè ńkọ́?"

"Ẹran tó ń ṣàìsàn kì í wọ ìkòkò àfi tí aláyẹ̀wò bá wò ó. Ẹ ti ọ̀bẹ yẹn bọ àkọ̀."

Àkàngbé di okùn mú. Ìgbà tó yá, Ìyàwó na ọrùn, ó sì gùfẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, òórùn gùfẹ̀ yẹn lé Sàlíhù dé títì!

"Ìyàwó wo ló ń gùfẹ̀ níwájú àna!" Ọmọ́níkẹ́ ló wí bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó tún gùfẹ̀, ó tún gùfẹ̀, ikùn ń lọ sílẹ̀. Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Mobọ́lá, àgbà ọkùnrin! Ọmọ mi yára kúnlẹ̀ tòun tọṣẹ. Mo tún gèlè mi wé, mo dúró kí gbogbo wọn lè rí i pé èmi ni mo bí i.

Nígbà òjò, Ìyàwó bí abo. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìwáyà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sin màlúù, ẹ gbọ́. Kúkúrú rẹ̀ kò sọ ọ́ di ewúrẹ́. Koríko àti omi tó mọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Èèpo gbágùúdá, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi máa ṣẹ́ kàrà lọ́wọ́, kí ẹ tó fún un, díẹ̀ ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀. Kì í gbádùn kó máa dá nìkan gbé. Ẹ wá èkejì fún un. Ẹ má ṣe rọ ẹran bí ọmọ, ọmọ gan-an ẹ má rọ ọ́ mọ́. Tí ikùn rẹ̀ bá wú, ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran kí ẹ tó ránṣẹ́ sí alápatà. Kódà, kí ẹ tó ra okùn tí ẹ máa fi so ó, ẹ ti mọ ibi tí dókítà náà ń gbé.